Àgbàlagbà Tí Ń Fi Tánkì Ṣeré

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Bàbá tí ó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ni mí, irun orí mi ti funfun, mo ti ní ọmọ ọmọ mẹ́fà. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ yàrá mi ní ọ̀sán Sátidé, ẹ óò bá mi nídìí tábìlì tí mo ń fi àlùmọ́gàjí gé agolo mílíìkì, tí mo ń fi ọ̀pá bírò ṣe ẹnu ìbọn, tí mo ń gé táyà lára sílípáàsì tó ti já. Tánkì ni mò ń ṣe. Tánkì àti amọ́kà, àwọn ọkọ̀ onírin tí sójà fi ń jagun, ṣùgbọ́n kékeré tó lè dúró lórí àtẹ́lẹwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ mi kìíní nìyẹn. Èkejì ni pé mo máa ń túmọ̀ sinimá àtijọ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà sí èdè Yorùbá, sinimá tí àwòrán inú rẹ̀ kì í rìn rárá.

Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé àdúgbò tí a wà ní Ìbàdàn yìí, aládùúgbò wa kan gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé pé èmi a máa ṣe tánkì. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tánkì mi ń jò, ẹ bá mi wò ó." Mo mú un wọlé, mo fi tèmi hàn án. Ó wo tánkì, ó wo ojú mi, ó tún wo tánkì. Ó ní, "Bàbá, èyí ò lè gba omi kan o." Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ yìí ní bòńkẹ́lẹ́, wọn kò fẹ́ kí Jámánì mọ̀, wọ́n bá ń pè é ní tánkì bí ẹni pé omi ni wọ́n fẹ́ máa fi gbé. Ní oṣù September 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde sójú ogun ní Somme, ní ilẹ̀ Faransé. Àṣírí tú, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò mọ́.

Ìyàwó mi kò rí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ẹni tí ogun kò bá ló ń fi ogun ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ní July 1967, ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa ni mo wà, ìró ìbọn kan kò débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ni ogun bá. Amọ́kà ló ń wà. Ó padà dé lẹ́yìn tí ogun parí ní January 1970, ara rẹ̀ pé, láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn sì ti ń pè é ní Bùrọ̀dá Sójà. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún wa. Bí ẹ bá bi í léèrè ogun, á ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun.

Àwa ọmọdé ìgbà náà a máa fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, a ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà, a ó so okùn mọ́ ọn, a ó máa wọ́ ọ káàkiri. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo fi agolo ṣe amọ́kà kan fún un láti kí i káàbọ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní mo ṣeun, ó gbé e sórí àjà. N kò rí i mọ́.

Ọdún 1977 ni mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Mọ́síkò, ní yunifásítì tí ìjọba Sófíẹ́tì dá sílẹ̀ ní 1960 fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì fi orúkọ Patrice Lumumba pè ní 1961 lẹ́yìn tí wọ́n pa á. Ní ọdún kìíní, èdè Rọ́ṣíà ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀yin ará mi, èdè náà le! Orúkọ kan ṣoṣo a máa pàrọ̀ ìrù bí ẹni tó ń pàrọ̀ ẹ̀wù, ìgbà mẹ́fà.

Ìyá àgbà kan ló gbà mí. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó sì máa ń mú ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, wá síbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Kí ọmọ náà lè jókòó jẹ́jẹ́, màmá á pa iná, á gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fílímósíkóòpù sórí àga, á ti fíìmù bọ̀ ọ́ nínú, àwòrán á sì yọ lára ògiri. Díàfílímù ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Ọ̀já fíìmù ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35 bíi ti kámẹ́rà, ó máa ń ní àwòrán bí 30 sí 50, ọ̀rọ̀ ìtàn sì wà nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Kì í rìn, kì í sọ̀rọ̀. Ènìyàn ló ń fi ọwọ́ yí i, ènìyàn náà ló ń kà á sókè. Mo bẹ màmá kí ó jẹ́ kí n máa kà á, ó sì gbà. Bí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe di tíṣà mi nìyẹn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á pariwo, á ní kí n padà sẹ́yìn.

Kópẹ́ẹ̀kì 30 ni èyí tó láwọ̀. Kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí fo oúnjẹ ọ̀sán. Lórí àwòrán tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń tẹ iye owó sí pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó ṣe é: Starosadsky, nọ́ńbà 7, Mọ́síkò. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo rò pé máa bá ilé iṣẹ́ ńlá tí èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo bá! Ilé ìsìn àwọn onígbàgbọ́ Luther, ti Pétérù àti Pọ́ọ̀lù mímọ́, tí ìjọba ti tì pa ní 1938. Inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Diafilm ń gbé, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ajá àti ológbò àti ọ̀kẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọdé ilẹ̀ Sófíẹ́tì. Ilé náà ti padà di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n tún un yà sí mímọ́ ní 2008.

Mo padà sílé ní 1983 pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan, kóòtù onírun kan tí n kò tíì wọ̀ láti ìgbà náà, àti díàfílímù 62 nínú páálí bàtà.

Páálí náà wà lábẹ́ ibùsùn títí mo fi ní ọmọ ọmọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí àwọn ọmọ ń sunkún tẹlifíṣọ̀n, mo rántí rẹ̀. Gílóòbù ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀, mo ta aṣọ funfun sára ògiri. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Rọ́ṣíà mọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ti bàbá àgbà kan tó gbin nǹkan tí wọ́n ń pè ní répíkà. Répíkà ta, ó tóbi, bàbá fà á, kò tu. Ó pe ìyá àgbà, ìyá àgbà pe ọmọ ọmọ, ọmọ ọmọ pe ajá, ajá pe ológbò, ológbò pe eku. Ìgbà tí eku dá sí i ló tó tu.

Kí ni ẹ̀yin yóò pe répíkà ní Yorùbá? Iṣu ni mo kọ́kọ́ pè é. Ìyàwó mi, ọmọ àgbẹ̀ ni, ó ké láti ilé ìdáná pé, "Ta ló ń fa iṣu? Wíwà là ń wa iṣu!" Òótọ́ ni. Mo bá sọ ọ́ di ẹ̀gẹ́, nítorí fífà là ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Mo rò pé mo ti mú un, àfi bí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ṣe na ọwọ́ sí ògiri: "Bàbá, ẹ̀gẹ́ kì í rí roboto."

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí le nìyẹn. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé lè purọ́ díẹ̀ kí ìtàn lè dùn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, àwòrán ti wà lára ògiri, ẹlẹ́rìí ni. Nígbẹ̀yìn, mo fi répíkà sílẹ̀ ní répíkà, mo kàn sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé gbòǹgbò kan ni, tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń jẹ kí pòtétò tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ gbọ́. Ariwo "Fà á! Fà á!" ni wọ́n ń pa bí ẹni tó ń gbe orin àlọ́.

Aibolit le ju répíkà lọ. Dókítà àwọn ẹranko ni Aibolit, Korney Chukovsky ló kọ ọ́ ní ewì ní 1929. Wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà yìí pé ara àwọn ẹranko Áfíríkà kò yá, ó sì forí la yìnyín àti òkun kọjá lọ wò wọ́n sàn ní Limpopo. (Òun ló mú kí tíṣà mi kékeré bi mí lọ́jọ́ kan bóyá Limpopo ni ilé wa.) Chukovsky ń wá orúkọ tó dùn létí ọmọdé ni, kò wo máàpù. Ó kó Zanzibar mọ́ Sàhárà, ó kó o mọ́ Kalahari, ó wá mú Fernando Po, ó sọ ọ́ di òkè kan níbi tí erinmi ti ń gbafẹ́ létí Limpopo. Háà! Fernando Po! Pányà mà nìyẹn! Erékùṣù ni, Bioko là ń pè é lónìí, láti ibẹ̀ dé odò Limpopo sì ju 3,000 kìlómítà lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin Nàìjíríà ń lọ ṣe lébìrà nínú oko kòkó, títí ìjọba fi kó wọn padà wálé ní 1975 sí 1976. Bàbá kan wà ní ojúlé kejì sí wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ti Pányà dé pẹ̀lú àpótí kan àti ikọ́ tí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ṣé kí n wá sọ fún àwọn ọmọ pé òkè erinmi ni Pányà? Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á débẹ̀, mo máa ń dá fíìmù dúró, kí n sọ ti bàbá oníkọ́ kí a tó tẹ̀síwájú. Àwọn ọmọ ti wá mọ̀ ọ́n. Bí mo bá fẹ́ fo ibẹ̀, wọn kì í gbà.

Mò ń kánjú ni, nítorí fíìmù náà ń kú lọ. Àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé ti ń lọ, pupa ló ń ṣẹ́kù. Yìnyín ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti pọ́n bí osùn lára ògiri mi, òmíràn sì ti ń rùn bíi fínígà. Mo ti fi fóònù ya 41 nínú àwọn 62.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tánkì. Mọ́síkò náà ni mo ti kó o. Ìwé ìròyìn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Modelist-Konstruktor, tó máa ń tẹ àwòrán ọkọ̀ àti bàálù pẹ̀lú ìwọ̀n wọn, kí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. T-34-85 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tánkì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1944. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 32, ènìyàn márùn-ún ló ń wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà mẹ́ta. Ìwọ̀n tí àwa tí à ń ṣe èyí ń lò jù ni ọ̀kan nínú 35, nítorí náà mítà mẹ́ta di sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ àbọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ 35? Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Japan ló ṣe tánkì Panther kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí wọ́n fẹ́ kí ó máa fi bátìrì rìn. Wọ́n ṣe é kí ó tóbi tó ibi tí bátìrì méjì yóò wọ̀. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí nǹkan bí ọ̀kan nínú 35, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bátìrì ló pàṣẹ fún gbogbo wa!

Èmi ò ra èyí tí wọ́n ti gé sínú páálí rí. Ó wọ́n, kò sì ní jẹ́ kí ènìyàn ronú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa rò ni bí irin ṣe nípọn tó. Irin ara T-34 nípọn tó mìlímítà 45. Ẹ pín in sí 35, ó di mìlímítà kan àti díẹ̀, páálí líle tó o. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo wá dáwọ́ lé Ferret. Amọ́kà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni Ferret, ilé iṣẹ́ Daimler ló ń ṣe é ní Coventry láti 1952 sí 1971. Òun àti Saladin ni amọ́kà Gẹ̀ẹ́sì tí sójà ìjọba àpapọ̀ lò nínú ogun Biafra, Ferret sì ni ẹ̀gbọ́n mi wà. (Bàálù MiG-17 ni Rọ́ṣíà tà fún wa ní 1967. Ilẹ̀ tó kọ́ mi níwèé ni, n kò gbàgbé.) Irin ara Ferret kò ju mìlímítà 6 sí 16 lọ. Mo mú bírò, mo pín 7 sí 35. Ó di ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Mo fi irin ìwọ̀n wọn agolo mílíìkì tó wà níwájú mi. Òun náà gan-an ni. Mo jókòó, n kò lè gé agolo náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Bùrọ̀dá Sójà kò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo ń fi í pamọ́ fún un. Ó wá kí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, àwọn ọmọ ní kí n ṣe sinimá, òun náà bá fa àga sún mọ́ wa. Àwọn ọmọ ló mú fíìmù fúnra wọn, èyí tó sọ nípa àwọn awakọ̀ tánkì ilẹ̀ Sófíẹ́tì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé àwòrán kan tí awakọ̀ kan yọ orí jáde nínú tánkì, tí èéfín bo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní "podvig". Mo ti túmọ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ akin.

Ẹ̀gbọ́n mi wúkọ́. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ni, Bùrọ̀dá."

"Awakọ̀ yẹn ló kọ ọ́?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀rù ló ń bà á. Wo ojú rẹ̀."

Gbogbo wa wo ojú rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ní, "Bàbá Sójà, ṣé ẹ̀rù máa ń ba sójà ni?" Ó dá a lóhùn láìṣe àdàbọwọ́ pé, "Ẹ̀rù ló gbé mi délé." N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, láti 1970.

Nígbà tí iná dé, kò lọ wo ewúrẹ́ kankan. Ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Ó rí Ferret lórí tábìlì kí n tó lè sọ̀rọ̀. Ó gbé e sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Kí lo fi ṣe ara rẹ̀?" Mo ní agolo mílíìkì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun náà ni. Inú agolo mílíìkì la wà." Ó yọjú wo ihò awakọ̀, ó ní mo ṣi sítíárìn dè. Ti Ferret dà bí ẹni pé wọ́n dè é lódì ni, èmi sì dè é bíi ti mọ́tò lásán. Ó ní jíà márùn-ún ló ní síwájú, gbogbo márààrún ló sì ṣeé fi rìn sẹ́yìn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ ohun kan fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ba dè wọ́n lójú ọ̀nà, òun kò yí orí ọkọ̀ padà rárá, ẹ̀yìn ni òun fi sáré, jíà kẹrin, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, òun kò rí ibi tí òun ń lọ. Ọ̀gá òun ló yẹ kó máa sọ ọ̀nà fún òun láti òkè. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí òun dúró ni òun tó mọ ìdí rẹ̀.

Mo ti mọ ọmọlángidi sójà kékeré kan, mo gbé e sí ihò òkè ọkọ̀ náà, ó di ìbọn mú. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kàn án. Ó ní, "Yọ èyí kúrò."

Mo ní ṣé kí n pa ìdérí ihò náà dé.

"Má pa á dé. Ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo fi abẹ yọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo tún sítíárìn de ní ọjọ́ kejì, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin nítorí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ní ti fíìmù yẹn, n kò yọ iṣẹ́ akin kúrò níbẹ̀, ohun tí àwọn tó ni ín kọ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí àwòrán náà báyìí, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó kà á, kí àwọn ọmọ lè kọ́kọ́ wo ojú awakọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Bùrọ̀dá Sójà wá mú Ferret rẹ̀. Ìyàwó mi wá páálí fún un, kò gbà. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó gbé e sínú rẹ̀, ó wọ takisí. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sí búùtù." Ó ní rárá, orí itan òun ni yóò wà.